Ilé NET ní Marina: Ilé Gogoro Èkó àti Festac Town tó Jẹ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ilé NET jẹ́ ilé gogoro alájà 32 tó wà ní Marina, ní Erékùṣù Èkó. Gíga rẹ̀ tó mítà 160. Ọdún 1979 ni wọ́n parí rẹ̀, nígbà náà kò sì sí ilé kankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ga tó o. NET ni ìkékúrú orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún, ìyẹn Nigerian External Telecommunications, tó ń bójú tó tẹlifóònù, tẹ́lígíráàmù àti tẹ́léèsì láàárín Nàìjíríà àti òkè òkun. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà di NITEL, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé náà ní Ilé NITEL. Lónìí, NECOM House ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n NET ṣì ni ọ̀pọ̀ àgbà Èkó ń pè é, òun náà ni a ó máa lò níbí.

Ohun tó mú ilé yìí yàtọ̀ láàárín àwọn ilé àwòṣífìlà ni iṣẹ́ tí gíga rẹ̀ ń ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn ilé gogoro tó wà láyé, nítorí ọ́fíìsì tí wọ́n á fi gba owó ilé àti nítorí ògo ẹni tó kọ́ wọn ni wọ́n ṣe ga. Ti NET kò rí bẹ́ẹ̀. Òpó tó wà lórí rẹ̀ ga nítorí ìbánisọ̀rọ̀, iná tó wà lórí òpó náà sì ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ èbúté Èkó sọ́nà. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ilé kan péré ló ń ṣe ọ́fíìsì, tó ń gbé ohùn ènìyàn, tó tún ń ṣe iná atọ́nà fún àwọn atukọ̀.

Ilé yìí ní ẹgbẹ́ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìyẹn Festac Town. Owó epo kan náà ló bí àwọn méjèèjì, sáà ìjọba ológun kan náà sì ni iṣẹ́ wọn bọ́ sí. Ọ̀kan lọ sókè, èkejì tẹ́ rẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe di ohun tó dà lẹ́yìn òmìnira, kó wo méjèèjì pọ̀.

Bí ilé gíga ṣe dé ilẹ̀ wa

Ọ̀nà márosẹ̀ kan ló so ìtàn yìí pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìdí ọ̀nà náà, ní Àgbádárìgì, ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, gbé inú rẹ̀. Òkè kan ṣoṣo ló ní, ilé náà sì ṣì dúró dòní. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Òkòkómáíkò, ó kọjá Trade Fair àti Festac, ó dé Mile 2, ó sì forí lé Erékùṣù Èkó níbi tí NET wà. Láàárín 1845 àti 1979, ọdún 134, ni àwọn tó ń kọ́lé ní etíkun yìí fi kúrò lórí òkè kan tí wọ́n sì dé àjà 32.

Ilé méjì ló la ọ̀nà fún NET. Èkíní ni Independence House ní Èkó, alájà 25, tí wọ́n fi ṣe ìrántí òmìnira ọdún 1960. Èkejì ni Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, alájà 26, tí gíga rẹ̀ tó mítà 105, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn parí ní 1965. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn owó tó ti oko àwọn àgbẹ̀ Yorùbá wá. Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ Cocoa House fi máa ń dun mọ́ wa lẹ́nu: gbogbo àgbẹ̀ tó ti sá kòkó rí ló ní ìpín nínú ìyìn rẹ̀. Nígbà tí àkókò NET yóò fi tó, kòkó ti fi ipò sílẹ̀ fún epo rọ̀bì.

Owó epo àti ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì

Ní 1973 sí 1974, owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin lọ́jà àgbáyé. Àpótí ìjọba Nàìjíríà kún lójijì, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣètò láti kọ́ bárékè, ilé gbígbé, títì àti ọ́fíìsì káàkiri orílẹ̀-èdè. Gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ sìmẹ́ǹtì. Wọ́n béèrè fún nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkèèrè, èyí tí èbúté Èkó kò lágbára láti gbà láàárín ọdún mélòó kan.

Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kún fún sìmẹ́ǹtì ti to jọ rẹpẹtẹ lójú òkun Èkó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló ń dúró fún àyè láti já ẹrù sílẹ̀. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ kan bá sì fi dúró, ìjọba ló ń san owó ìdádúró rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó pẹ́ jù nínú ọkọ̀ a máa dì, á sì bàjẹ́. Wàhálà yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba kọ́ èbúté Tin Can Island, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, tí ọ̀nà rẹ̀ já sí Mile 2. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ àjàgbé ti ń fi àgbègbè Kirikiri àti Mile 2 ṣe ilé. Ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àwọn ọkọ̀ yìí ń dá dúró lónìí, ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn sìmẹ́ǹtì náà ló ń jẹ.

Festac Town: èyí tí wọ́n tẹ́ rẹrẹ

Láti ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 Oṣù Kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 lálejò fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC '77. Gbọ̀ngàn National Theatre ní Ìgánmú ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú eré rẹ̀. Àwọn òṣèré, onílù, oníjó àti ọ̀mọ̀wé tó wá ní láti rí ibi sùn sí, ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi kọ́ ìlú tuntun kan sórí ilẹ̀ Àwórì ní Amúwo, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì.

Federal Housing Authority, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973, ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n la òpópónà ńlá méje, láti 1st Avenue dé 7th Avenue, wọ́n sì kọ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ibùgbé sí i: búńgálò, dúpúlẹ́ẹ̀sì àti fúláàtì tí kò ga púpọ̀. Wọ́n fi páìpù omi ìdọ̀tí sábẹ́ ilẹ̀ kí ó lè máa ṣàn lọ sí ojú kan ṣoṣo, dípò kí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ihò ṣáláńgá tirẹ̀. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà fún ará ìlú, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣètò ìlú náà hàn gbangba nínú àdírẹ́sì rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún àlejò pé kó wá sí 512 Road, 5 tó ṣáájú ti sọ fún un pé ìhà 5th Avenue ni kó kọjú sí. Bí wọ́n bá ní 23 Road, ó mọ̀ pé ẹ̀bá 2nd Avenue ni. Bó bá dé ojú ọ̀nà náà, lẹ́tà ni yóò máa wò: A Close, B Close, C Close, títí yóò fi dé ẹnu ilé tó ń wá. Ẹni tí kò dé Festac rí lè ka ọ̀nà náà bí ẹni ń ka ìwé. Ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ni kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kí ló dé tí wọn kò kọ́ ilé gogoro sí Festac? Ilẹ̀ wà níbẹ̀, kò dà bí ti Marina tí omi ká mọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá há ni ilé máa ń gbójú sókè. Omi àti ẹrọ̀fọ̀ pọ̀ ní àgbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ilé tó bá ga níbẹ̀ sì máa ń gba owó ìpìlẹ̀ púpọ̀. Bákan náà, ìdílé ni wọ́n ń kọ́ Festac fún. Ọmọdé ń fẹ́ ibi tí yóò ti sáré, ìyá ń fẹ́ ibi tí yóò sá aṣọ sí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ohun tó yẹ Marina lè má yẹ Amúwo.

Bí wọ́n ṣe kọ́ NET

Marina ni ojú Èkó láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ilé gómìnà, Kàtídírà ti ìjọ Áńgílíkà, báǹkì àti àwọn ilé ìtajà ńlá wà, tí wọ́n kọjú sí Àpápá ní òdìkejì omi. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi iyanrìn dí lára omi náà láti la ọ̀nà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Marina kò sì fi ẹsẹ̀ kan omi tààrà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àsìkò yìí gan-an ni NET ń gòkè.

Kọnkéré ló pọ̀ jù nínú ara ilé náà. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó kì í ṣe àpáta: iyanrìn àti ẹrẹ̀ rírọ̀ ló kún un, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nítorí náà, ilé gíga ní irú ibẹ̀ kì í dúró lórí ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ lásán. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ri òpó gígùn púpọ̀ wọnú ilẹ̀ títí yóò fi kan ibi tó le, kí ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní láti ṣírò atẹ́gùn òkun, nítorí bí ilé bá ṣe ń ga sí i ni atẹ́gùn ń tì í sí i. Omi mímu àti ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, iná mànàmáná ló ń mú wọn ṣiṣẹ́. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ilé alájà 32 kò lè ṣe kó má ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Òpó gíga tó wà ní téńté ilé náà ni ó fún un ní ìrísí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti orí afárá lè tọ́ka sí i láàárín gbogbo ilé yòókù. Atukọ̀ tó wà lójú agbami lálẹ́ náà ń rí iná orí rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà Èkó wà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀

Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ Cable and Wireless ti Gẹ̀ẹ́sì jọ dá iléeṣẹ́ NET sílẹ̀. Ìjọba ló ní ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1972, ìjọba ra gbogbo rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1971, ibùdó sátẹ́láìtì Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìlú àwọn àgbẹ̀ yìí ni ohùn Nàìjíríà ti ń fò lọ sí ojú ọ̀run nígbà náà, tó sì ń balẹ̀ sí ìlú òyìnbó. Marina ni orí, Lánlátẹ̀ ni ẹnu.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2001 kò lè mọ ohun tí ìpè òkèèrè jẹ́ nígbà náà. Tẹlifóònù kò sí nínú ilé púpọ̀. Ìyá tó ní ọmọ ní London yóò wọṣọ bí ẹni ń lọ òde, yóò lọ sí ọ́fíìsì ìpè, yóò kọ nọ́ńbà ọmọ sílẹ̀, yóò sì jókòó. Wọn yóò wá a títí. Bí ìlà bá gbà, akọ̀wé yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò wọ inú yàrá kékeré lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó san owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣòfò. Ó ti ní láti ka ọ̀rọ̀ sọ́kàn láti ilé: ìlera, owó ilé ẹ̀kọ́, ikú tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ọmọ ń bọ̀ wálé. Àwọn oníṣòwò àti iléeṣẹ́ ìròyìn ń lo tẹ́léèsì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde ní òkè òkun bí ẹni tó wà ní Èkó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èyí ló kó ọ̀pọ̀ agbára ìlú sínú ilé kan.

Iná ọdún 1983

Kíkó gbogbo agbára sójú kan ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì fojú hàn ní Oṣù Kìíní ọdún 1983. Iná ńlá jó Ilé NET lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ó sì da ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú òkè òkun rú. Ọ̀pọ̀ ará ìlú fura pé ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ dá iná náà láti fi pa àkọsílẹ̀ owó run, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde síta láti fi ẹ̀hónú hàn. Kó tó di pé ọdún náà parí, àwọn ológun ti gbàjọba padà.

NET nìkan kọ́ ni iná jẹ níyà. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kìíní ọdún 1985, iná jó Cocoa House ní Ìbàdàn. Ní 1993, ó kan Independence House. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ wa. Àkàbà àwọn panápaná kì í dé òkè ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀, omi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n láti ilẹ̀ kì í dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára tó yẹ. Láti inú ilé fúnra rẹ̀ ni ìgbàlà ti gbọ́dọ̀ wá: páìpù omi tó ń fọ́n fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀, àtẹ̀gùn tí èéfín kò lè wọ̀, àti ìdánrawò fún àwọn òṣìṣẹ́. Òwe sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ṣẹ mọ́ Cocoa House lára: wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní lábẹ́ iléeṣẹ́ Odù'a.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ní 1985, ìjọba da iléeṣẹ́ NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ti iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì sọ wọ́n di NITEL. NITEL nìkan ló ń ta ìlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 400,000, nígbà tí ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ohùn ènìyàn kò nílò ilé gogoro kan ṣoṣo mọ́. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irin ṣe ló ń gbé e, òpó bẹ́ẹ̀ sì wà káàkiri: lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn Close ní Festac. Iṣẹ́ tí Marina kó jọ ti fọ́n ká sí gbogbo àdúgbò. Ìjọba gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì láti ta NITEL. Ní ìgbẹ̀yìn, iléeṣẹ́ NATCOM ra àwọn ohun ìní rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 252 dọ́là, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 lábẹ́ orúkọ ntel.

Irú rẹ̀ níbòmíràn

Ní London, wọ́n ṣí Post Office Tower ní 1965. Mítà 177 ni gíga rẹ̀ láìka àwọn òpó orí rẹ̀, ìbánisọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì torí rẹ̀ kọ́ ọ. Òun ni ará London mọ̀ sí BT Tower. Iṣẹ́ rẹ̀ náà dínkù nígbà tí wáyà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òpó. Ní 2024, wọ́n tà á fún MCR Hotels tó fẹ́ sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì. Wọn kò wó o, wọn kò sì fi í sílẹ̀ láti jẹrà.

Ní Abidjan, La Pyramide, ilé tí ará Ítálì nì, Rinaldo Olivieri, yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1973, ní ìrísí tí kò jọ ti ilé kankan lágbègbè wa: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń rí ṣóńṣó bó ṣe ń gòkè. Ó ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé owó ìtọ́jú rẹ̀ ga ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìlú kan náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gogoro Tour F, tó ju NET lọ ní ìlọ́po méjì dáadáa. Ògo pé ilé kan ga jù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pẹ́ ni ìlò àti ìtàn.

Láti Mile 2 dé Marina

Láti ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó ti ń ná Mile 2 sí Marina. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà náà, ó sì gba Suru-Alaba, Orílé àti National Theatre kọjá. Ará Festac tó bá wọ̀ ọ́ ní Mile 2 yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn àjọ̀dún tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àdúgbò rẹ̀, yóò gun afárá kọjá lórí ọ̀sà, àwọn ilé gogoro Marina yóò sì yọ sí i. Láàárín ìrìn tí kò tó wákàtí kan, ó ti rí ohun mẹ́ta tí ọdún 1970 sí 1979 fi sílẹ̀ fún wa: ìlú tó tẹ́ rẹrẹ, gbọ̀ngàn àṣà, àti ilé gogoro. Gbọ̀ngàn náà ti rí àtúnṣe, wọ́n sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Ó ku ìlú àti ilé gogoro.

Festac ń fẹ́ títì tó dán, páìpù omi ìdọ̀tí tó ń ṣiṣẹ́, àti ọwọ́ tó le lórí ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà. NET ń fẹ́ iṣẹ́ tuntun: yàrá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ilé ìtọ́jú ìtàn ìbánisọ̀rọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ Lánlátẹ̀ àti tẹ́léèsì, àti òkè kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè gùn láti wo ìlú rẹ̀. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ méjèèjì. Kí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ẹni yòówù tí Ilé NET bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ má ṣe jẹ́ kó bàjẹ́ lójú wa. Ẹ̀yin òbí tó wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ mú àwọn ọmọ yín wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.